Bí Ẹ Ṣe Lè Gba Ìtàn Kingsway Lẹ́nu Àwọn Àgbà n'Íléṣà

Tí ẹ bá ní ìyá tàbí bàbá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún nílé, n'Íléṣà níbí ni o tàbí n'Ífẹ̀, pàápàá tí wọ́n bá ti ṣe tíṣà tàbí nọ́ọ̀sì rí, tàbí tí bàbá wọn ní oko kòkó, ìtàn Kingsway, sítọ́ọ̀ ńlá ayé ìgbà kan, wà níkùn wọn. Bí ẹ ṣe máa gbà á sílẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Àkọ́kọ́ ná, ẹ má bi wọ́n pé "Màmá, báwo ni Kingsway ṣe rí?" Wọ́n á ní "Háà, ó dáa gan-an, ayé ìgbà yẹn dùn", ó parí nìyẹn. Ọ̀nà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kingsway tó sún mọ́ àwa Ìjẹ̀ṣà àti Ifẹ̀ ni ti Dùgbẹ̀ n'Íbàdàn, mọ́tò á sì gba Ifẹ̀, á gba Gbọ̀ngán, á kọjá Ìkirè kó tó débẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé ta ló mú wọn lọ, aṣọ wo ni wọ́n wọ̀ (torí èèyàn máa ń múra kó tó wọ sítọ́ọ̀ yẹn bí ẹni ń lọ síbi ìgbéyàwó), ṣé wọ́n ra dòdò Ìkirè nígbà tí wọ́n ń bọ̀. Tó bá ti kan dòdò, ẹnu á là.

Ẹ ya Kingsway, UTC àti Leventis, àwọn sítọ́ọ̀ ńlá ìgbà yẹn, sọ́tọ̀ lórí yín kẹ́ ẹ tó lọ, torí àwọn àgbà máa ń pa wọ́n pọ̀. Iléeṣẹ́ UAC ló ni Kingsway nígbà yẹn, èyí tó gbajúmọ̀ jù sì wà ní Marina l'Ékòó. Àwọn ará Switzerland ló ni UTC nígbà yẹn. Leventis, ọmọ Cyprus ló dá a sílẹ̀. Tí ẹ bá wá dárúkọ Leventis n'Íléṣà, ẹ tètè sọ pé sítọ́ọ̀ lẹ ń bi wọ́n o, torí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ Leventis tó wà níbí lọ́pọ̀ èèyàn máa rò.

Ibi tó dùn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni iye owó. Ẹni tó jẹ́ Ọjà Àtakúnmọ́sà ló ń ná láti kékeré, tí olọ́jà bá pe ṣílè márùn-ún tó máa ní méjì lòun máa san, ó wá dé ibi tí wọ́n ti kọ owó sára ọjà, kò sí "ẹ gbà á bẹ́ẹ̀ fún mi jàre", kò sí èènì. Ẹ bi wọ́n bó ṣe rí lára wọn. Tí bàbá wọn bá sì ṣe òṣómàálò, ẹ má fi ìyẹn sílẹ̀ rárá, torí bàbá tó ń tajà láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, tó ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọ́n á fi sanwó, á ní ohun tó máa sọ nípa ọjà tí wọn kì í ná.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù ni: "Kí lẹ wò tí ẹ ò rà?" Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò rà nǹkan kan, wọ́n kàn wọlé wò ni, ojú sì ń tì wọ́n láti sọ ọ́. Tí ẹ bá fi ọgbọ́n bi wọ́n báyìí, wọ́n á sọ ọ́ láìjanpata.

Ní ti ọdún, ẹ má yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹ béèrè bóyá ọwọ́ òsì ni mọ́tò ṣì ń gbà, torí 2 April 1972 la bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún. Ṣé kí owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba fún àwọn òṣìṣẹ́, tó dé ni àbí lẹ́yìn ẹ̀? 1975 nìyẹn. Owó gan-an lè tàn yín: 1 January 1973 ni náírà dé, ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ò yé pè é ní ṣílè. Ẹ bi wọ́n ṣé kọ́bọ̀ àtijọ́ (pẹ́nì) tó nihò láàárín ni wọ́n ń ná nígbà yẹn, tó bá jẹ́ òun ni, ó ṣeé ṣe kí náírà má tíì dé.

Ẹ ní kí wọ́n gbé álíbọ́ọ̀mù jáde. Àwọn ọmọ tí wọ́n gbé lọ wo Father Christmas ní Kingsway lè ní fọ́tò níbẹ̀, ẹ yà á sórí fóònù, ẹ ya ẹ̀yìn ẹ̀ náà torí wọ́n sáábà máa ń kọ nǹkan síbẹ̀. Tí wọ́n bá dárúkọ ìpanu, ẹ sọ fún wọn pé ṣọ́ọ̀bù kọfí inú Kingsway ló di Kingsway Rendezvous lọ́dún 1973 tó wá di Mr Bigg's lọ́dún 1986, á yà wọ́n lẹ́nu. 1986 yẹn náà ni SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba Babangida, dé, náírà já wálẹ̀, ọjà òkè òkun gbówó lórí. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ òṣèlú ti máa wọlé, ẹ jẹ́ kí wọ́n bú Babangida díẹ̀, kẹ́ ẹ rọra dá wọn padà sórí ọ̀rọ̀ Kingsway.

Ẹ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbohùn sílẹ̀, ẹ pa jẹnẹrétọ̀, tí wọ́n bá ń fi Ìjẹ̀ṣà sọ ọ́ ẹ má ṣàtúnṣe ẹ̀. Tí ẹ bá ti gba ti ẹnì kan, ẹ gbé fọ́tò rẹ̀ lọ fún ọ̀rẹ́ ẹ̀, ẹ jókòó àwọn méjèèjì tó bá ṣeé ṣe, kò ní pẹ́ tí ọ̀kan á ní "irọ́ ni, UTC nìyẹn", ẹ má là wọ́n o, ẹ ṣá ti rí i pé fóònù ṣì ń gbohùn.