Iná Tó Mọ Aago: Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Sẹ́ńsọ̀ Darí Gílóòbù Ilé Yín

Àwọn kan tó ra sẹ́ńsọ̀ iná, ẹ̀rọ kékeré tó ń tan iná fúnra rẹ̀ bó bá rí èèyàn, máa ń yọ ọ́ kúrò láìpẹ́, kì í sì í ṣe torí pé kò ṣiṣẹ́. Ó ń ṣe àṣejù ni. Màmá dìde fẹ́ lọ tọ̀ ní aago 2 òru, iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọ yẹ̀rì sí wọn lójú bí iná tírélà, oorun ti dá nìyẹn. Iná tó bá ojú mu ní aago 7 alẹ́, ìyà ló jẹ́ fún ojú lóru. Sẹ́ńsọ̀ kan náà lè ṣe méjèèjì, bí ẹ bá ti sọ fún un ohun tó máa ṣe ní aago kọ̀ọ̀kan.

Ti ìta ilé rọrùn. Ẹ ra sẹ́ńsọ̀ PIR (èyí tó ń fi ooru ara mọ̀ pé èèyàn ń kọjá) tó ń gba 220 volt lọ́wọ́ àwọn tó ń ta wáyà àti gílóòbù ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù. Abẹ́ rẹ̀ ni ibi tí ẹ ó ti fi tẹ́sítà yí i wà: SENS ni bó ṣe máa ríran jìnnà tó, TIME ni iye àsìkò tí iná máa fi tàn, LUX ni bí ilẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ ṣú tó kó tó dá sí ẹnikẹ́ni. Ẹ yí LUX sí ìhà òṣùpá. Bó bá wà níhà oòrùn, á máa tàn lọ́sàn-án gangan. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, wáyà búráùn ló ń gba iná wọlé, búlúù ni níútírà (wáyà tí iná ń gbà padà), pupa ló ń lọ sí gílóòbù, ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé tó bá a wá. Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ pa iná NEPA, ẹ pa inverter pẹ̀lú. Ilé tó bá ní inverter, ẹni tó pa NEPA nìkan kò tíì pa iná.

Sẹ́ńsọ̀ olówó pọ́ọ́kú yìí mọ òkùnkùn, kò mọ aago. Fún inú ilé, ẹ nílò sẹ́ńsọ̀ Zigbee alábátìrì (Zigbee ni ọ̀nà tí àwọn ẹ̀rọ inú ilé ń gbà bára wọn sọ̀rọ̀ láìlo wáyà tàbí íntánẹ́ẹ̀tì), gílóòbù Zigbee tó ṣeé dín kù, àti kọ̀ǹpútà kékeré bíi Raspberry Pi tó ní Home Assistant (ètò tó ń darí àwọn ẹ̀rọ ilé) lórí àti ẹ̀rọ Zigbee tí wọ́n ń kì bọ ihò USB. Èyí tó ń gba Wi-Fi lọ bá kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ṣe é lókè òkun máa ń dákẹ́ lọ́jọ́ tí dátà bá tán. Zigbee kò bèèrè dátà.

Ibi tí ẹ gbé sẹ́ńsọ̀ sí ló máa sọ bóyá ẹ ó gbádùn rẹ̀. Ooru ara tó ń rìn ni PIR ń rí, ó sì máa ń tètè rí ẹni tó gba iwájú rẹ̀ kọjá ju ẹni tó ń bọ̀ tààrà lọ. Nítorí náà, ẹ gbé e sára ògiri ẹ̀gbẹ́, ní gíga mítà 2 sí 2.5. Ẹ má jẹ́ kó kọjú sí sítóòfù tàbí fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀. Ọmọńlé tó bá gba ojú rẹ̀ kọjá lè tan iná, bẹ́ẹ̀ náà ni aláǹtakùn, ẹ máa nù ún. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, tí ògiri bá ti gbóná tó ara èèyàn, ìríran rẹ̀ máa ń dín kù. Ọ̀sán ni kí ẹ dán an wò, kì í ṣe òwúrọ̀ tútù nìkan. Ti yàrá àgbàlagbà, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló dáa jù, kó kọjú sílẹ̀: ẹsẹ̀ tó bá kan ilẹ̀ á tan iná, ẹni tó kàn yí padà lórí bẹ́ẹ̀dì kò ní tàn án.

Wàyí o, aago. Láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ títí di 10:30, ẹ jẹ́ kí iná tàn dé 80%. Láti 10:30 sí 5:00, 10% péré, kó pọ́n bí iná àtùpà, ìyẹn 2200K sí 2700K (K ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀; bó bá ṣe kéré tó ló ṣe ń pọ́n tó). Láti 5:00 títí ilẹ̀ á fi mọ́, 50% tó fún àwọn tó ń jí kírun Àsùbáà àti àwọn tó ń múra ọjà. Wíwọ̀ oòrùn nílẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ kì í fi ju nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú yàtọ̀ láàárín ọdún, ṣùgbọ́n òjò lè mú ilẹ̀ ṣú ní aago 4 ìrọ̀lẹ́. Ẹ fi ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀, lux, kún un, kí ẹ sì jẹ́ kó wò ó nígbà tí iná bá wà ní pípa nìkan. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ gílóòbù fúnra rẹ̀ á tan sẹ́ńsọ̀ jẹ, iná á máa tàn, á máa kú.

Nínú Home Assistant, automation (àṣẹ tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀) kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ, kí aago mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú rẹ̀ lábẹ́ "choose", ibi tó ti ń yan èyí tó bá aago mu. Ẹ fi "mode" sí "restart", kó lè bẹ̀rẹ̀ sí í ka àsìkò lákọ̀tun nígbàkigbà tó bá rí èèyàn. Bó bá wà ní "single", ẹni tó tún padà nígbà tó ti ń ka àsìkò kò ní jẹ́ kíkà, iná á kú mọ́ ọn lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ alábátìrì sì máa ń sùn fún bí ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn tó bá ti rí èèyàn, nítorí náà ẹ má fi àsìkò pípa iná sí ohun tó dín ní ìṣẹ́jú 2.

NEPA ló ń ba èyí tó pọ̀ jù jẹ́. Tí iná bá dé ní aago 3 òru, gílóòbù tí ẹ kò tò á tàn ní 100%, gbogbo ilé á mọ́lẹ̀ bí ọjọ́ ìgbéyàwó. Ẹ wá "power-on behavior" lára gílóòbù kọ̀ọ̀kan, ẹ fi sí pípa. Èkejì ò hàn síta: Raspberry Pi 4 kò ní bátìrì tó ń pa aago mọ́. Bó bá kú tó sì jí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, aago tó ti kọjá ló máa rò pé ó ń lọ, á wá tan 80% láàárín òru. Ẹ so òun àti router mọ́ inverter.

Súwíìṣì ara ògiri gbọ́dọ̀ wà ní títàn nígbà gbogbo, ẹ lẹ tépù mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ fi módù (ẹ̀rọ kékeré tó ń bá Zigbee darí iná) sẹ́yìn súwíìṣì, kó wò ó dáadáa: nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, níútírà kì í dé inú àpótí súwíìṣì, òkè àjà ni ẹ ó ti rí i.

Nígbà Ojúde Ọba, tí àlejò bá sùn kún pálọ̀, ẹ ṣe bọ́tìnnì kan tó ń dá automation pálọ̀ dúró títí di ọ̀sán. Ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, PIR kì í rí ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́: ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 10, tàbí kí ẹ lo sẹ́ńsọ̀ mmWave, tó ń rí mímí èèyàn. Òun náà máa ń ka fáànù àti kọ́tìnì tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí èèyàn, ẹ yí ojú rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ wọn.