Rọ́bà Kékeré Tó Ń Mu Omi Ilé: Bí A Ṣe Ń Tún Fáàfù Táǹkì Tọ́ílẹ́ẹ̀tì Ṣe

Tí omi táǹkì òkè yín bá ń tán ju bí ẹ ṣe ń lò ó lọ, tí ẹ kò sì rí ibi tó ti ń jò, ẹ wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lóru nígbà tí wọ́n ti pa jẹnẹrétọ̀, tí gbogbo ilé sì ti dákẹ́. Ẹ dúró, ẹ tẹ́tí. Tí ẹ bá ń gbọ́ ṣììì láti inú táǹkì ẹ̀yìn ibi ìjókòó, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ṣẹ̀ṣẹ̀ lò ó, ibẹ̀ lomi yín ń gbà lọ.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nílé tiwa nìyẹn. Táǹkì 1,000 lítà la gbé ka orí òpó. Òun là ń lò nínú ilé, òun náà ló ń fún àwọn adìyẹ wa lómi. A ó fa omi kún un ní Sátidé, kó tó di Ọjọ́rú, ọpọ́n omi àwọn adìyẹ ti gbẹ. Mo bá àwọn ọmọ wí pé wọ́n ń fi omi ṣòfò, mo tiẹ̀ ti ẹ̀rọ ẹ̀yìnkùlé pa mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní, torí wọn kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Rọ́bà róbótó kan nínú táǹkì tọ́ílẹ́ẹ̀tì, tí kò fẹ̀ ju ẹnu ife tíì lọ, ló ń mu omi náà.

Mo wọ̀n ọ́n kí n lè mọ bó ti pọ̀ tó. Mo jẹ́ kí táǹkì tọ́ílẹ́ẹ̀tì kún, mo sàmì sí ibi tí omi dé, mo ti táàpù rẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan, mo fi ike 75cl bu omi padà sínú rẹ̀ títí ó fi dé ojú àmì. Ike mẹ́rin ló gbà. Lítà 3 nìyẹn ní wákàtí kan, lítà 72 lójúmọ́. Ó kù díẹ̀ kó tó kẹ́ẹ̀gì 25 lítà mẹ́ta, lójoojúmọ́, láìsí ẹni tó fi bọ́jú. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìdajì táǹkì òkè ti lọ. Epo tí a fi fa omi náà sókè bá a lọ. Ibi tó sì ń lọ kò dára: inú sọ́káwèé ló ń ṣàn sí tọ̀sán tòru, sọ́káwèé á kún ṣáájú àsìkò rẹ̀, ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa rin gbingbin. Tí kànga yín bá wà nítòsí, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tó ti ń jò

Fáàfù méjì ló wà nínú táǹkì yìí. Ọ̀kan ń jẹ́ kí omi wọlé, èkejì ń jẹ́ kó jáde. Púlọ́ńbà mìíràn kì í yà wọ́n sọ́tọ̀, á kàn ní kí ẹ lọ ra gbogbo inú táǹkì tuntun. Kò purọ́, yóò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n owó odindi lẹ ó san nítorí ẹyọ rọ́bà kan.

Ẹ gbé ìdérí kúrò, kí ẹ sì gbé e lé orí àkísà. Tánganran ni, tó bá fọ́, ẹ lè má rí irú rẹ̀ rà mọ́. Ẹ jẹ́ kí omi kún, kó sì dúró. Ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí ara táǹkì nínú, níbi tí omi dé gẹ́lẹ́. Ẹ wá ti táàpù kékeré tó wà lára ògiri, èyí tó ń gbé omi wá. Kí ẹnikẹ́ni má lò ó fún wákàtí kan. Tí omi bá ti lọ sísàlẹ̀ ìlà, rọ́bà fáàfù ìjáde ló ń jò. Tí omi bá dúró sójú ìlà, ṣùgbọ́n tí ẹ ṣí táàpù padà tó tún ń gòkè, tó ń gòkè, títí tó fi ń ṣàn wọ inú páìpù àkúnwọ́sílẹ̀, fáàfù ìwọlé ni kí ẹ dojú kọ. Nínú táǹkì tuntun, àárín ni páìpù àkúnwọ́sílẹ̀ máa ń wà, bí òpó tó ní ihò lórí. Nínú ti àtijọ́, ó máa ń gba ara ògiri jáde síta, ẹ ó rí i tó ń kán sílẹ̀ lẹ́yìn ilé.

Àwọn ìyá wa tó ń fọ aṣọ funfun ní búlúù nílé. Ìyẹn náà wúlò níbí. Ẹ po díẹ̀ sínú ife omi, ẹ dà á sínú táǹkì, ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tí omi kò bá dé ẹnu páìpù àkúnwọ́sílẹ̀, tí àwọ̀ búlúù sì jáde nínú àwo ìsàlẹ̀, rọ́bà ìjáde kò dì mọ́ nìyẹn. Omi sobo pupa náà lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Tí kò bá sí táàpù kékeré lára ògiri, ẹ fi igi gbọọrọ dábùú ẹnu táǹkì, kí ẹ fi okùn so apá bọ́ọ̀lù, ìyẹn ọ̀pá tó di bọ́ọ̀lù tó ń léfòó lórí omi mú, mọ́ ọn kó lè gbéra sókè. Omi kò ní wọlé mọ́. Ṣùgbọ́n tí púlọ́ńbà bá tún wá sílé yín nítorí nǹkan mìíràn, ẹ jẹ́ kó bá yín fi táàpù yẹn sí i. Òun ni mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí, torí ilé tí kò ní in, táǹkì òkè ni wọ́n máa ń tì nígbàkígbà tí nǹkan kékeré bá bàjẹ́, tí gbogbo ará ilé á sì wà láìlómi.

Fáàfù ìwọlé

Bí omi ṣe ń gòkè, bọ́ọ̀lù ń léfòó, apá rẹ̀ ń gbéra, ìdí apá náà sì ń ti wáṣà, ìyẹn rọ́bà pẹlẹbẹ kékeré kan, lọ dí ihò tí omi ń gbà wọlé. Táǹkì tuntun kì í ní bọ́ọ̀lù àti apá gígùn, ohun kan bí ife tó ń gun òpó tó sì ń sọ̀ ló wà níbẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Irú fáàfù yìí náà ló wà nínú ọpọ́n omi màlúù àti ti ewúrẹ́ tó ń dá kún fúnra rẹ̀, ó sì máa ń wà lẹ́nu táǹkì òkè. Àgbẹ̀ tó bá mọ eléyìí tún ṣe ti mọ ìyẹn tún ṣe.

Ẹ yọ bọ́ọ̀lù, kí ẹ mì í létí. Tí omi bá ń dún nínú rẹ̀, ó ti lu, kò lè léfòó dáadáa mọ́. Ẹ da omi inú rẹ̀ nù, ẹ fi náílọ̀n tó nípọn wé e pinpin, kí ẹ so ó, yóò gbé yín dé ọjọ́ ọjà. Tí bọ́ọ̀lù bá dá ṣáṣá, ó lè jẹ́ pé ó wà lókè jù ni. Ojú omi gbọ́dọ̀ dúró ní nǹkan bíi 2.5cm sí ìsàlẹ̀ ẹnu páìpù àkúnwọ́sílẹ̀. Tí apá bá jẹ́ irin, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tó bá jẹ́ ike, ẹ má tẹ̀ ẹ́, yóò kán. Sukurúù kan wà lára rẹ̀ tí ẹ ó máa yí.

Lẹ́yìn èyí ló kan wáṣà. Ẹ ti táàpù, ẹ tú ojú fáàfù, ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ yọ wáṣà jáde. Èyí tó ti gbó máa ń ní kòtò róbótó láàárín, níbi tí ẹnu ihò ti ń tẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ yìí. Tí ẹ kò bá tíì rí òmíràn rà, ẹ yí i dà, ojú kejì rẹ̀ sábà máa ń tẹ́jú síbẹ̀. Kí ẹ tó dè é padà, ẹ gbé ife sẹ́nu ihò náà, kí ẹ ṣí táàpù fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Níbi tí omi bá ti ń wá láti bóòhóòlù, ẹ ó rí iyanrìn àti ìpẹtà tó máa jáde. Hóró iyanrìn kan péré tó bá há sábẹ́ wáṣà tuntun, ẹ tún padà sí ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Tí ohun funfun líle bí ẹfun bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ di ọjọ́ kejì.

Tó bá sì jẹ́ pé ẹjọ́ yín ni pé táǹkì kì í tètè kún, ẹ wo ihò náà fúnra rẹ̀. Fáàfù tí wọ́n ṣe fún omi tó ń fi agbára wá máa ń ní ihò tóóró. Ti omi tó ń rọra sọ̀ kalẹ̀ láti òpó kúkúrú máa ń fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé táǹkì òkè lẹ̀ ń lò.

Rọ́bà ìsàlẹ̀

Rọ́bà fáàfù ìjáde ni mò ń wí, òun ló bàjẹ́ nílé wa. Nígbà tí mo fi ìka ra á, ìka mi dúdú bí ẹni tó fọwọ́ kan ìdí ìkòkò. Rọ́bà tó bá ń pa ọwọ́ láró báyìí ti jẹrà, kò sí fífọ̀ tó lè wò ó sàn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá a lẹ́bi, ẹ fi ìka yí ẹnu ihò tó ń jókòó lé ká. Nígbà mìíràn, rọ́bà ṣì dára, ẹrẹ̀ tàbí ìpẹtà ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi àkísà nù ún mọ́, kí ẹ má fi irin họ ọ́, torí ìlà tí irin bá fà síbẹ̀ lomi yóò máa gbà.

Ẹ mú rọ́bà àtijọ́ náà dání lọ sọ́jà. Oríṣiríṣi ló wà, ojú lásán kò lè wọ̀n ọ́n. Tí ẹ kò bá rí irú rẹ̀, ẹ lọ bá fọgọnáísà, kí ẹ gba àjákù túùbù ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbé rọ́bà àtijọ́ lé e, ẹ fi bíírò yí etí rẹ̀ ká, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé e láìjẹ́ kí etí rẹ̀ ṣe wọ́gọwọ̀gọ. Ibi tó tẹ́jú ni kí ẹ gé, kí ó má jẹ́ ibi tí túùbù ti ká. Mo ti lo irú rẹ̀, ó sì dì dáadáa.

Ohun méjì ló ń pa rọ́bà yìí, àwa fúnra wa la sì ń fi wọ́n sí i. Ọ̀kan ni bílíìṣì tí a ń dà sínú táǹkì kí tọ́ílẹ́ẹ̀tì lè máa ta sánsán. Inú àwo ìsàlẹ̀ ni kí ẹ dà á sí, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Èkejì ni fáséláìnì tàbí òróró tí àwọn kan ń fi pa á kó lè rọ̀. Òróró ń jẹ́ kí rọ́bà wú, kó sì di jẹ̀lẹ̀jẹ̀lẹ̀.

Tí rọ́bà bá jẹ́ tuntun tó sì ń jò síbẹ̀, ẹ wo ohun tó ń fà á sókè. Nínú táǹkì tó ní ṣéènì, ṣéènì tó gùn jù máa ń há sábẹ́ rọ́bà, èyí tó kúrú jù kì í jẹ́ kó jókòó. Kó dẹ̀ ní nǹkan bíi 1cm. Nínú èyí tó ní bọ́tìnì lórí ìdérí, ọ̀pá bọ́tìnì tó gùn jù máa ń tẹ fáàfù mọ́lẹ̀ láìdẹ́kun. Ẹ gbé ìdérí kúrò: tí jíjò bá dúró lójú ẹsẹ̀, ọ̀pá náà ni. Ẹ yí i kó kúrú díẹ̀. Páìpù ike tín-ín-rín tó ń da omi sínú páìpù àkúnwọ́sílẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹnu páìpù ni kó dúró sí. Tí ẹ bá tì í wọlé jìnnà débi tí ẹnu rẹ̀ fi wà nísàlẹ̀ ju ojú omi táǹkì lọ, yóò máa fa omi jáde.

Táǹkì àtijọ́ tó ní apá lẹ́gbẹ̀ẹ́

Ní ilé àwọn àgbà wa, ẹ ó rí táǹkì tí a ń tẹ apá rẹ̀ wálẹ̀, tí kò sì ní rọ́bà kankan nísàlẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì la ti rí i. Òfin omi wọn kò gba fáàfù ìsàlẹ̀ láyè títí di ọdún 2001, torí wọ́n mọ̀ pé rọ́bà á jò lọ́jọ́ kan. Nínú táǹkì yìí, awẹ́ ike pẹlẹbẹ kan ló ń gbé omi gun òkè páìpù tó tẹ̀ kọrọdọ, tí omi bá sì ti rékọjá ibi tó tẹ̀ náà, á fa ìyókù tẹ̀ lé e. Kì í jò. Àìsàn rẹ̀ ni pé awẹ́ ike náà á ya, ẹ ó wá máa tẹ apá lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ má gbé e jù sóde. Náílọ̀n dúdú tó nípọn tí àwọn bíríkìlà ń tẹ́ sábẹ́ kọnkéré lẹ ó fi gé òmíràn, ní ìwọ̀n èyí tó ya. Ìnira rẹ̀ ni pé ẹ gbọ́dọ̀ da omi táǹkì tán, kí ẹ tú nọ́ọ̀tù ńlá tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ tó lè fa gbogbo rẹ̀ yọ. Ẹ gbé korobá síbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú táǹkì àtijọ́ wọ̀nyí ń da lítà 9 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ rọ omi àti iyanrìn díẹ̀ kún ike 1.5 lítà, ẹ dé e pinpin, kí ẹ gbé e dúró sí igun tí kò ti ní dí bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Tí ènìyàn mẹ́jọ bá ń gbé inú ilé, tí kálukú ń lò ó lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, lítà 48 lẹ ti dá dúró. Ẹ má fi bíríkì sí i, ó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, eruku rẹ̀ ló sì máa lọ jókòó sábẹ́ rọ́bà. Tí àwo ìsàlẹ̀ kò bá wá mọ́ tó bó ṣe yẹ, tí ẹ ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ yọ ike náà kúrò. Àwo yẹn kò lè fi omi kékeré ṣiṣẹ́.

Tí ẹ bá ti tò ó padà tán, ẹ fa ìlà pẹ́ńsùlù tuntun lálẹ́ tí gbogbo ilé bá fẹ́ sùn, kí ẹ ti táàpù kékeré. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jí ni kó wò ó kí ẹnikẹ́ni tó tẹ omi. Ẹ wé wáṣà àti rọ́bà àtijọ́ sínú náílọ̀n, kí ẹ so ó mọ́ ara táàpù náà. Òun ni ẹ ó mú lọ sọ́jà nígbà mìíràn.