Àwọn àṣìṣe tá a máa ń ṣe pẹ̀lú tíìkì Moodle

Ẹ̀yin olùkọ́ tẹ́ ẹ ń kọ́ni lórí Moodle, ìyẹn ètò tá a fi ń kọ́ni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tíìkì kékeré tó máa ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ láti fi hàn pé akẹ́kọ̀ọ́ ti parí ẹ̀ yẹn, ohun tẹ́ ẹ bá ní kó dúró fún náà ló dúró fún, kò mọ nǹkan míì. Láti ọdún 2010 tí Moodle 2.0 ti gbé e dé ló ti wà, síbẹ̀ àwọn àṣìṣe kan ò tíì kúrò lọ́wọ́ wa.

Èyí tí mo máa ń rí jù ni pé olùkọ́ á gbé fáìlì sórí kọ́ọ̀sì, á wá fi "View" nìkan síbẹ̀, ìyẹn ni pé kí ọmọ ṣáà ti ṣí i, tíìkì máa wọlé. Ọmọ á tẹ fáìlì, á ṣí i, á tún tì í, ó parí nìyẹn, tíìkì ti wọlé. Mo yẹ Logs akẹ́kọ̀ọ́ kan wò nígbà kan, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tó ṣe lórí Moodle, fáìlì mẹ́jọ ló ṣí láàárín ìṣẹ́jú kan, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló sì ní tíìkì, ta ló lè ka fáìlì mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú kan? Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n kà á, ẹ fi kúìsì kékeré tẹ̀ lé e, ìbéèrè mẹ́ta péré ti tó, kẹ́ ẹ wá jẹ́ kó jẹ́ kúìsì yẹn ló máa mú tíìkì wá.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra nídìí kúìsì náà. Tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n ṣáà ti gba máàkì, máàkì yòówù kó jẹ́, ọmọ tó gba 0 máa rí tíìkì bíi ti ẹni tó gba gbogbo ẹ̀. "Passing grade" ni kẹ́ ẹ mú, kẹ́ ẹ sì rántí kọ iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbà síbi "Grade to pass".

Èyí tó dùn mí jù lèyí tí èmi fúnra mi ṣe. A ti wà ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo wá rí i pé mo fẹ́ yí ohun tó ń mú tíìkì wá padà nínú iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ṣe tán. Moodle ti tì í pa, ó ní kí n tẹ "Unlock", ó sì kọ ìkìlọ̀ síbẹ̀ o, mi ò kà á, mo tẹ̀ ẹ́, mo sì sefù. Gbogbo tíìkì tó wà níbẹ̀ ló pa rẹ́. Èyí tó bá jẹ́ ti máàkì tàbí ti iṣẹ́ tí wọ́n ti fi ránṣẹ́, Moodle lè fúnra ẹ̀ ṣírò ẹ̀ padà, ṣùgbọ́n èyí táwọn ọmọ fọwọ́ ara wọn tẹ̀, "Mark as done" yẹn, ó lọ nìyẹn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mẹ́sẹ́ẹ̀jì bẹ̀rẹ̀ sí wọlé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ti ṣe é tẹ́lẹ̀, kí ló dé tó tún ṣófo?" Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ fún wọn. Torí náà, kí ọmọ kankan tó wọlé ni kẹ́ ẹ ti pinnu gbogbo ẹ̀. Tó bá wá di dandan kẹ́ ẹ yí i láàárín sáà, ẹ kọ́kọ́ lọ síbi "Activity completion" nínú Reports, kẹ́ ẹ dáńlóòdù rẹ̀ sílẹ̀, ó kéré tán ẹ ó mọ ẹni tó ti ṣe é.

Déètì tẹ́ ẹ ń fi síbẹ̀ pé ọjọ́ báyìí ni kí wọ́n parí, kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni, ìránnilétí lásán ni. Tẹ́ ẹ ò bá fẹ́ gba asáìnmẹ́ǹtì mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ kan, "Cut-off date" ni kẹ́ ẹ lò.

Ẹ má sì fi àkáǹtì olùkọ́ yín dán an wò, Moodle kì í sábà ka olùkọ́ mọ́ àwọn tó ń tọpasẹ̀ wọn. Ẹ ṣí àkáǹtì míì, ẹ fi í sínú kọ́ọ̀sì bí akẹ́kọ̀ọ́, kẹ́ ẹ ṣe gbogbo iṣẹ́ náà láti òkè délẹ̀, títí kan èyí tẹ́ ẹ máa mọ̀ọ́mọ̀ fèèlì, kẹ́ ẹ wo èyí tíìkì ń jáde lórí ẹ̀ tí kò yẹ kó jáde.