Ọjọ́ Ìṣẹ́gun Tí Kò Sí Ìṣẹ́gun: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Yíyẹ Àsọtẹ́lẹ̀ NFL Wò

Láti oṣù Kẹsàn-án títí wọ oṣù Kìíní, bí eré alẹ́ Ọjọ́ Ajé ti NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, bá ti parí báyìí, fóònù mi kì í sinmi. Ilẹ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò tíì mọ́ tán tí wọ́n á ti máa pè. "Ẹ̀gbọ́n, mo jẹ mọ́kànlá nínú mẹ́rìndínlógún!" "Bàbá Tóbi, ẹ wo tèmi, ẹ ò rí irú ẹ̀ rí!" Màá jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná wa níhìn-ín ní Maryland, màá po tíì mi, màá wá bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Nọ́ńbà wo lo gbà?" Ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti máa ń dákẹ́.

Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ eléyìí. Mi ò ní í jókòó máa ṣàlàyé ohun tí spread jẹ́ ju pé iye àmì ni tí ẹgbẹ́ tí wọ́n fojú sí gbọ́dọ̀ fi borí kọjá kí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó wọlé; bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó mú ẹgbẹ́ kejì ló jẹ. Ẹni tó bá ti ta handicap bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nílé rí ti mọ̀ ọ́n, nọ́ńbà tiwọn níbí ló kàn tóbi jù. Àwọn tó ti mọ̀ ọ́n tí wọ́n ṣì ń da owó sómi ni mò ń bá wí. Kí n sì tètè jẹ́wọ́: kò sí ọ̀kan nínú ohun tí mo fẹ́ kà yìí tí èmi alára kò ṣe rí. Mo ṣe òmíràn lẹ́ẹ̀mejì.

Àkọ́kọ́, ẹ máa ń ka ẹgbẹ́ tó borí dípò ẹgbẹ́ tó ré kọjá spread. Ní Super Bowl, àṣekágbá NFL, ti oṣù Kejì 2022, Rams na Bengals ní 23 sí 20. Àbúrò kan pè mí lóru, ó ń jó, ó ní ṣebí òun ti sọ bẹ́ẹ̀. Ó sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ 4.5 ni Rams gbé sẹ́yìn nínú tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, 3 péré ni wọ́n sì fi borí. Ijó ọ̀hún ò pẹ́.

Ìkejì, ẹ máa ń gbàgbé owó tí ilé tẹ́tẹ́ ń jẹ. Dọ́là 110 lo máa fi sílẹ̀ kí o tó lè jẹ 100. Nítorí náà, ẹni tó jẹ 8 tó pàdánù 8 kò ta ọ̀mì o, dọ́là 80 ti lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí owó rẹ má dín, o gbọ́dọ̀ máa jẹ ju 52 nínú ọgọ́rùn-ún lọ díẹ̀. Eré 272 ló wà nínú sáà kan, ká má ka playoff, àwọn eré ìjáde tó ń tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá jẹ 142 nínú rẹ̀ ṣì jẹ gbèsè dọ́là 100. Ẹni tó bá jẹ 143 ń gbé 110 lọ sílé. Eré kan ṣoṣo, láti oṣù Kẹsàn-án títí di oṣù Kìíní! Ẹ rántí ìyẹn nígbà mìíràn tí ẹ bá ń sọ pé "ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé."

Ìkẹta ni kí èèyàn fi ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo jẹ́rìí ara rẹ̀. Ẹ kó ọgọ́rùn-ún èèyàn jọ, kí olúkúlùkù wọn ta owó ẹyọ sókè lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún. Bíi mẹ́wàá nínú wọn ni yóò gba mọ́kànlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, láìmọ quarterback (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù) kankan yàtọ̀ sí ẹlòmíràn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin wa jẹ 12 nínú 16 lọ́sẹ̀ kẹta sáà kan. Kí ó tó di Ọjọ́rú, ó ti yí orúkọ rẹ̀ lórí WhatsApp padà sí "Wòlíì Spread", ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ àsọtẹ́lẹ̀ òun máa san dọ́là 20 lọ́sẹ̀. Èèyàn mẹ́fà san. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Wòlíì jẹ 4 péré. Orúkọ orí WhatsApp di orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀ mọ́ títí ọdún Kérésì. Ẹ má béèrè bí mo ṣe mọ iye èèyàn tó san. Èmi ni ìkẹfà.

Ìkẹrin nìyí, òun ló sì ń dùn mí jù. Ẹ farabalẹ̀.

Spread kì í dúró sójú kan. Wọ́n á gbé e jáde bí ọ̀sẹ̀ kan ti ń parí, á sì máa rìn títí eré tuntun yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó wà ní 2.5 ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lè ti di 3.5 kí ilẹ̀ Ọjọ́ Àìkú tó mọ́. Tí ọ̀sẹ̀ bá wá parí tí ẹ fẹ́ yẹ ara yín wò, nọ́ńbà wo lẹ ń lò? Mo ti wò yín fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èyí tó bá gbè yín lẹ ń lò. Bí ẹgbẹ́ yín bá fi 3 borí, ẹ ó ní 2.5 ni tiyín. Bí ó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ kejì lẹ mú, 3.5 ni ẹ ó rántí.

Ẹ rántí àwọn oníresì kan nílé, àwọn tó ń fi òòlù tẹ ìdí kóńgò wọ inú. Bí wọ́n bá ń rà, kóńgò tó dáa ni. Bí wọ́n bá ń tà, wọ́n á gbé èyí tí ìdí rẹ̀ ti wọnú jáde. Gbogbo yín lẹ mọ̀ wọ́n, gbogbo yín lẹ sì ń bú wọn. Kóńgò méjì náà ló wà lọ́wọ́ yín ní gbogbo Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ara yín lẹ sì ń rẹ́ jẹ. Ìyá oníresì tiẹ̀ ń rí èrè níbẹ̀.

Ẹ ó ní àbọ̀ àmì lásán ni. Ó dáa, ẹ gbọ́ ti Minneapolis. Ọjọ́ 14 oṣù Kìíní 2018, nínú playoff, Vikings ń gba Saints lálejò. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá 10, Saints ló wà níwájú, 24 sí 23. Case Keenum ti Vikings ju bọ́ọ̀lù, Stefon Diggs fò, ó gbà á létí pápá. Ẹni tó yẹ kó gbé e ṣubú gbá afẹ́fẹ́ mú, Diggs sì sáré wọlé. Yáàdì 61. Ó di 29 sí 24, aago sì ti pé. Èèyàn ti kún pápá, ariwo ta. Ṣùgbọ́n òfin ìgbà náà ni pé dandan ni kí wọ́n gba àfikún tó máa ń tẹ̀ lé touchdown, ìyẹn gbígbé bọ́ọ̀lù wọlé, kódà bí kò bá lè yí nǹkan kan padà. Wọ́n lọ pe díẹ̀ lára àwọn Saints padà wá sórí pápá. Keenum gba bọ́ọ̀lù, ó kúnlẹ̀, ó parí. Àmì 5 gééré.

5.5 ni ọ̀pọ̀ ilé tẹ́tẹ́ gbé lé Vikings lórí nígbà tí eré fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó mú Vikings ní 5.5, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gé. Ẹni tó rí 5 mú gba owó rẹ̀ padà. Ẹni tó ti tètè rí 4.5 jẹun. Èèyàn mẹ́ta sọ ohun kan náà nípa ẹgbẹ́ kan náà: ọ̀kan jẹ, ọ̀kan ta ọ̀mì, ọ̀kan gé. Lọ́dún yẹn kan náà ni NFL yí òfin náà padà, kò sí irú àfikún tí kò lè yí nǹkan kan padà yẹn mọ́ tí aago bá ti pé. Ẹ wá dúró síwájú mi kí ẹ sọ pé ẹ "jẹ Vikings", láìsọ nọ́ńbà.

Kí ẹ má sì rò pé èmi ń jókòó sórí òkè sọ̀kò sí yín. Ní sáà 2023 mo ra ìwé aláwọ̀ ewé kan, mo fà á ní ìlà, mo ní ọdún yìí ni màá ṣe é bí oníṣirò owó. Gbogbo eré 272 ni mo sọ tẹ́lẹ̀, orí kunkun ni, ọlọ́gbọ́n kan kì í ta gbogbo eré. Dọ́là 11 láti jẹ 10. Nígbà tí sáà parí, ìwé mi ní mo jẹ 147, mo pàdánù 119, mo ta ọ̀mì 6. Èrè dọ́là 161. Mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó. Ó wo ìwé, ó gba fóònù mi, ó ṣí áàpù tẹ́tẹ́ náà, ó ní, "Bàbá Tóbi, èrè yìí dà?" Owó tó wà nínú áàpù ti fi dọ́là 50 dín sí iye tí mo fi bẹ̀rẹ̀.

Tóbi ló bá wa yanjú rẹ̀. Ó fi tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan wé ìwé mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọmọ náà ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló dùn mí jù. 138 ni mo jẹ, mo pàdánù 130, ọ̀mì 4. Mo kọ òfo mẹ́sàn-án sí èrè, mo kọ méjì sí ọ̀mì. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ o! Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń kọ nọ́ńbà sínú ìwé, Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń ta. Ohun tí mo kọ ní 3 á ti di 3.5 kí n tó tẹ̀ ẹ́, èmi á sì máa fi nọ́ńbà Ọjọ́bọ̀ yẹ ara mi wò. Ìwé ń rẹ́rìn-ín, báńkì ń sunkún. Àti pé orí 3 gan-an ni ẹjọ́ pọ̀ sí, torí 3 ni àmì field goal, bọ́ọ̀lù tí wọ́n fẹsẹ̀ gbá gba àárín òpó, bíi eré kan nínú méje ló sì ń fi 3 parí. Kò sí nọ́ńbà tó wọ́pọ̀ tó 3, 7 ló tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ń fi àbọ̀ ṣeré létí 3 ń fi iná ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹntiróòlù.

Ìlà mẹ́ta ni ìwé mi ní báyìí: nọ́ńbà tí mo gbà gan-an, nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, àti èsì. Ìlà àárín ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Bí mo bá gbà á ní 2.5 tí ọjà sì tì í dé 3.5, mo ra ọjà dáadáa, bí mo tilẹ̀ pàdánù. Bí mo bá ń gbà á ní 3.5 lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ tó sì ń padà sí 2.5, mò ń ra ẹja tó ti ń rùn, kódà tí mo bá ń jẹ.

Ìkarùn-ún... àbí ẹlẹ́ẹ̀kẹfà ni? Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ẹ máa ń da orire pọ̀ mọ́ ọgbọ́n. Oṣù Kọkànlá 2008, Steelers ń na Chargers ní 11 sí 10, wọ́n sì gbé 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn. Nínú ìgbá ìkẹyìn, Troy Polamalu ti Steelers he bọ́ọ̀lù, ó sáré wọlé. Touchdown! Rẹfirí wò ó, ó fagi lé e, ó sì wá gbà lẹ́yìn eré pé àṣìṣe ni àwọn ṣe. Èsì kò yí padà. Ẹni tó mú Chargers lọ́jọ́ náà jẹun, àmọ́ bó bá kọ ọ́ sínú ìwé pé òun gbọ́n, ó yẹ ká gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ó yẹ ká máa ríran bí a bá ń rẹ́rìn-ín náà.

Kíkó eré mẹ́ta jọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan: wọ́n ń san 6 fún 1 níbi tó yẹ kí wọ́n san 7, mi ò sì ní í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn tó ṣì ń fún onílé, ẹgbẹ́ tó ń gbàlejò, ní àmì 3 lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ìṣirò wọn torí pé bàbá wọn ṣe bẹ́ẹ̀: ní 2020 tí ọ̀pọ̀ pápá ṣófo, àwọn onílé fi eré kan pàdánù ju iye tí wọ́n jẹ lọ.

Àwọn agbábọ́ọ̀lù tí kò ní í gbá, ìṣẹ́jú 90 ṣáájú eré ni wọ́n ń kéde wọn. Fún eré aago kan ọ̀sán, aago 11:30 nìyẹn, ìgbà tí pásítọ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ "ọ̀rọ̀ ìkẹyìn" àkọ́kọ́ nínú mẹ́rin. Mo ti pàdánù owó lórí quarterback tó wọ kóòtù dúró létí pápá, nítorí mi ò lè yọ fóònù níwájú ìyá ìjọ. Ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé pé "ẹgbẹ́ yìí dalẹ̀ mi". Ẹ kọ ọ́ pé ẹ tètè ta.

Èyí tó kù jẹ́ àrùn àwa nìkan. Bí orúkọ bá ti dún bíi tiwa lẹ́yìn ẹ̀wù, owó ti jáde nìyẹn. Foyesade Oluokun wọ Jaguars ní 2022, Seahawks mú Boye Mafe ní 2022, Jets mú Olu Fashanu ní 2024, orí mi sì ti wú. Ọmọ wa ni! Iṣẹ́ Fashanu ni kó dínà fún ẹni tó ń bọ̀ wá lu quarterback. Kì í ju bọ́ọ̀lù, kì í gbà á. Mo tẹ̀ lé Jets bí ẹni ń tẹ̀ lé egúngún ilé bàbá rẹ̀. Ní sáà náà wọ́n jẹ eré 5, wọ́n pàdánù 12. Lójú ìwé mi, mo kọ "ìfẹ́ ìran" sẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́fà nínú òfo wọ̀nyẹn, kí n má baà pè é ní àyẹ̀wò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá yìí, mo jókòó síbi tí mo máa ń jókòó sí, mo fa ìlà, mo ka àwọn nọ́ńbà, mo kígbe sí ìyàwó mi nínú yàrá pé 9 nínú 16 ni mo jẹ.

Ó ní, "Ti ìwé ni, àbí ti báńkì?"

Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ mu tíì mi tán.