Ọjọ́ tí ẹrẹ̀ gbé wa mì: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwa tó ń gun alùpùpù nínú igbó

Àwa márùn-ún la jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ọ̀nà inú igbó ti di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ lanu pé ká padà. Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, a kò mọ alùpùpù pupa yàtọ̀ sí aláwọ̀ ewé mọ́, okùn la sì fi fa méjì nínú wọn jáde. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè ti ń wọlé, látọ̀dọ̀ àwọn tí a jọ lọ àti àwọn tó gbọ́ ìròyìn. Ẹ ó rí i pé ibì kan náà ni ọ̀pọ̀ wàhálà yìí ti ṣẹ̀: ọwọ́ ọ̀tún tí a fi ń fún ẹ́ńjìnnì níná ló ń dá a sílẹ̀, ẹrẹ̀ la wá ń bú.

Ìbéèrè: Táyà ẹ̀yìn mi rì. Bí mo ṣe ń fún un níná, bẹ́ẹ̀ ló ń jìn sí i. Kí ni mo ṣì ṣe?

Ìdáhùn: Iná yẹn náà ni. Táyà tó ń yí lójú kan kò rìn, ilẹ̀ ló ń gbẹ́. Bí alùpùpù bá ṣì ń lọ, iná díẹ̀ lè mú kí táyà fọ́n ẹrẹ̀ tó há sáàárín eyín rẹ̀ dànù, kó tún rí ilẹ̀ jẹ. Bó bá ti dúró pátápátá, ọ̀rọ̀ ti kọjá iná. Ẹ dẹwọ́, kí ẹ sọ̀kalẹ̀.

Ohun tó kàn ni ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ gbọ́: ẹ dà á dùbúlẹ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ti ọ̀nà epo pa, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ẹrẹ̀ máa ń fa táyà mọ́ra bí ọmọ ṣe ń fa ọmú, àfi bí afẹ́fẹ́ bá ráyè wọ abẹ́ rẹ̀ ni yóò tó tú u sílẹ̀. Bó bá ti dùbúlẹ̀, ẹ ki òkúta tàbí ẹ̀ka igi bọ inú kòtò tí táyà gbẹ́, ẹ wọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò lójú kòtò náà, kí ẹ tó gbé e dìde. Ẹ má tíì gùn ún. Ẹ máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó wà ní jíà kejì, iná kékeré, kí ẹnì kan máa fà á láti iwájú. Ẹnikẹ́ni kò gbọ̀dọ̀ dúró sẹ́yìn táyà, nítorí òkúta tó bá ta níbẹ̀ kò mọ ojú ọ̀rẹ́.

Ọ̀kan nínú wa kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní dà tòun dùbúlẹ̀ torí pé tuntun ni. Nígbà tí yóò fi gbà, ẹrẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìjókòó.

Ìbéèrè: Ṣé kò sí bí mo ṣe lè gùn ún tí kò ní rì rárá?

Ìdáhùn: Kí ó má rì rárá kẹ̀? Ẹ lè dín in kù. Ẹ yan jíà kí ẹ tó wọ inú ẹrẹ̀, kejì tàbí ìkẹta, torí jíà kìíní máa ń já táyà gbà lójijì. Ẹ dìde dúró, kí ìdí yín lọ sẹ́yìn díẹ̀, kí táyà iwájú lè fúyẹ́. Ẹ wo ibi tí ẹ fẹ́ jáde sí, kì í ṣe abẹ́ imú yín. Bí ẹ bá ti bọ́ sínú poro tí àwọn tó ṣíwájú gbẹ́ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí poro náà gbé yín lọ. Ẹni tó bá ń bá a wọ̀yá ìjà ló ń ṣubú. Ẹ gbàgbé bíréèkì iwájú títí ẹ ó fi kan ilẹ̀ líle.

Ìbéèrè: Èéfín funfun ń tú jáde níwájú alùpùpù mi. Mo rò pé ó ti gbiná.

Ìdáhùn: Kò gbiná, omi inú rédíétọ̀ ló ń hó. Ọ̀pọ̀ alùpùpù inú igbó ni kò ní fáànù. Atẹ́gùn tó ń lù wọ́n bí wọ́n ti ń sáré ló ń tù wọ́n lára. Ẹ wá wo ohun tí ẹrẹ̀ ṣe: alùpùpù ń rá bí ìgbín, ẹ́ńjìnnì ń ké, atẹ́gùn kò sí, ẹrẹ̀ sì ti lẹ̀ mọ́ ojú rédíétọ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi rẹ́ ògiri. Ibo ni ooru fẹ́ gbà jáde?

Ẹ pa á, kí ẹ má sì fọwọ́ kan ìdérí rédíétọ̀. Omi lásán ń hó ní 100°C, àmọ́ ìdérí yẹn ń ki í mọ́lẹ̀ kó má tètè hó, nítorí náà ohun tó wà nínú rẹ̀ lè gbóná kọjá 100°C. Bí ẹ bá ṣí i lásìkò yẹn, yóò tú sí yín lójú. Ẹ fi ìka ha ẹrẹ̀ kúrò jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, torí àwọn abẹ́ tín-ín-rín ojú rédíétọ̀ tètè ń tẹ̀, èyí tó bá sì ti tẹ̀ kò ní jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá mọ́. Kí ẹ wá jókòó. Ìgbà tí ẹ bá lè gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e láìta yín ni kí ẹ tó ṣí i wo. Bí omi bá dín, omi mímọ́ lásán á gbé yín délé. Lẹ́yìn náà, ẹ dà á nù kí ẹ fi coolant, omi ìtutù tí wọ́n ṣe fún rédíétọ̀, rọ́pò rẹ̀.

Èmi ni mo ní ká dúró lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní mo ti darúgbó. Ẹni tó fi mí ṣẹ̀fẹ̀ jù lọ wà lára àwọn méjì tí a fi okùn fà.

Ìbéèrè: Ẹ́ńjìnnì ń ké, jíà ti wọlé, àmọ́ alùpùpù kò lọ. Ó sì ń rùn bí ohun tó ń jó.

Ìdáhùn: Kílọ́ọ̀ṣì yín, ohun tó ń so agbára ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà àti táyà, ló ń jó. Gbogbo ìgbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, tí ẹ tú u díẹ̀, tí iná sì wà lókè, ṣe ni àwọn abala inú rẹ̀ ń ra ara wọn. Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tí kì í yé ọ̀pọ̀ èèyàn. Bí kílọ́ọ̀ṣì oníwáyà bá gbóná, àwọn abala rẹ̀ á wú, irin tí ẹ fi ń tẹ̀ ẹ́ á sì máa dẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ lè fún wáyà náà le níbẹ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n bó bá tutù tán, ẹ gbọ́dọ̀ tú u padà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wáyà á máa fà á díẹ̀díẹ̀ nígbà gbogbo, kílọ́ọ̀ṣì á sì máa yọ̀ títí yóò fi jó tán. Àyè bíi 2 sí 3 mm ló sábà máa ń wà kí wáyà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ìwé alùpùpù yín ló máa sọ iye rẹ̀ gan-an.

Ẹ wo ọ́ìlì náà. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù, inú ọ́ìlì ni kílọ́ọ̀ṣì ń gbé, àwọn ọ́ìlì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan sì wà tí wọ́n fi ohun tó ń mú irin yọ̀ sí. Èyí tí wọ́n kọ JASO MA tàbí MA2 sí lára, àmì ọ́ìlì tó bá irú kílọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ mu, ni kí ẹ rà. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá tutù tán tó ṣì ń yọ̀, ẹ tú u palẹ̀ kí ẹ wò ó. Abala onírin tó bá ti pàwọ̀ dà di búlúù ti gba ooru kọjá ààlà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ìbéèrè: Afẹ́fẹ́ mélòó ni kí n fún táyà lọ́jọ́ ẹrẹ̀?

Ìdáhùn: Nínú igbó, 12 sí 14 psi (òṣùwọ̀n afẹ́fẹ́ táyà) ni ọ̀pọ̀ ń lò. Lọ́jọ́ ẹrẹ̀, èmi máa ń fà á wálẹ̀ sí 11 tàbí 12, kí n tó gùn ún, nígbà tí táyà ṣì tutù. Bó bá ní túúbù nínú, ẹ má jẹ́ kó rẹlẹ̀ jù, torí òkúta kan tó bá fara pamọ́ sínú ẹrẹ̀ lè fún túúbù mọ́ rímù kó sì lu.

Ìbéèrè: Mo ṣubú sínú odò, omi bo alùpùpù mọ́lẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n tètè ṣáná sí i. Ṣé ó tọ́?

Ìdáhùn: Rárá o! Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, omi kò ṣeé fún pọ̀. Bí omi bá wà lórí písítìnì tí ẹ sì tì í lọ sókè, nǹkan kan gbọ́dọ̀ tẹ̀, irin tó so písítìnì mọ́ kíráńkì ló sì máa ń jìyà rẹ̀. Sítátà oníbátìrì tún burú ju títapá lọ. Ẹsẹ̀ yín á mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan dí i; sítátà kò mọ nǹkan kan.

Ẹ ti ọ̀nà epo pa. Ẹ yọ fìlítà afẹ́fẹ́ kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ fún omi inú rẹ̀ jáde, ẹ má lọ́ ọ bí aṣọ, yóò ya. Ẹ nu inú àpótí rẹ̀ gbẹ. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kí ẹ gbé iwájú alùpùpù sókè, kó dúró lórí táyà ẹ̀yìn, kí omi inú sàlẹ́ńsà lè ṣàn dànù. Bó bá jẹ́ two-stroke, irú ẹ́ńjìnnì tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, ẹ dojú rẹ̀ dé pátápátá, torí omi máa ń lúgọ sí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Ẹ wá tapá sí i díẹ̀díẹ̀ láìsí púlọ́ọ̀gì, kí ẹ má gbé ojú sí ọ̀kánkán ihò náà. Bó bá ní kábúrétọ̀, ẹ da epo tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ nù.

Ó kù ọ́ìlì. Bó bá ti funfun bí wàrà, omi ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn, okùn ló máa gbé yín délé. Nílé, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì náà, ẹ tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ tún un pààrọ̀, títí tí kò ní funfun mọ́. Èyí tí a ṣe lọ́jọ́ náà gba ọ́ìlì ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ìbéèrè: Tèmi kò wọ omi o, ó kàn ṣubú ni, kò sì fẹ́ jí mọ́.

Ìdáhùn: Epo ló ti kún inú rẹ̀. Ẹ fún un níná dé òpin, ẹ dì í mú bẹ́ẹ̀, kí ẹ máa tapá sí i. Bó bá ti fẹ́ jí, ẹ tètè dẹwọ́.

Ìbéèrè: Gọ́gùsì, awò tí mo fi ń bo ojú, kún fún ẹrẹ̀, mo fi ìbọ̀wọ́ nù ún, mi ò tún ríran mọ́.

Ìdáhùn: Iyanrìn wà nínú ẹrẹ̀, ìbọ̀wọ́ yín ló sì fi ha á. Omi ni kí ẹ fi ṣàn án kí ẹ tó nù ún. Ẹ máa gbé ìbọ̀wọ́ kejì dání nínú ọ̀rá, kó lè wà ní gbígbẹ, kí ẹ sì jìnnà sí ẹni iwájú. Ìdajì ẹrẹ̀ tó wà lójú mi lọ́jọ́ yẹn, láti inú táyà ọ̀rẹ́ mi ló ti wá, èmi ni mo sì sún mọ́ ọn jù.

Ìbéèrè: Bíréèkì mi ń ké kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀, ṣéènì sì le gbagidi. Ṣé ẹrẹ̀ náà ni?

Ìdáhùn: Òun ni. Ẹrẹ̀ tó ní iyanrìn lè jẹ páàdì bíréèkì tuntun tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹ wò wọ́n kí ẹ tó tún jáde. Ní ti ṣéènì, ẹrẹ̀ tó dì sí ìdí irin eléyín tó ń yí lé ló sọ ọ́ di fífà. Ẹ ha á kúrò lójú ọ̀nà. Nítorí èyí ni èmi ṣe máa ń dẹ ṣéènì díẹ̀ sí i bí òjò bá rọ̀: èyí tó le jù ń ba bíárìn inú ẹ́ńjìnnì jẹ́.

Ìbéèrè: Mo fi ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi líle fọ alùpùpù mi, ó mọ́ bí ìgbà tí mo rà á. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, táyà iwájú ń dún.

Ìdáhùn: Omi líle yẹn ti gba abẹ́ rọ́bà wọ inú bíárìn, ó ti fọ gírísì inú rẹ̀ lọ, ìpẹtà sì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹrẹ̀ kò ṣe é, ẹ̀yin lẹ ṣe é. Kí ẹ tó fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ dí ẹnu sàlẹ́ńsà, ẹ sì bo ibi tí fìlítà wà. Omi tí kò le ni kí ẹ fi rẹ ẹrẹ̀ títí yóò fi rọ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ dandan kí ẹ lo ẹ̀rọ, ẹ jìnnà sí àárín táyà, ṣéènì, rédíétọ̀ àti ibi tí ṣọ́kù ti wọ inú ara wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ tan ẹ́ńjìnnì kó gbóná díẹ̀ kí omi tó kù lè gbẹ, ẹ fi ọ́ìlì pa ṣéènì, kí ẹ sì yọ ohun tí ẹ fi dí sàlẹ́ńsà kí ẹ tó tan án. Mo mọ ẹni tó gbàgbé.

Ní ti èyí tó ń dún yẹn, ẹ gbé iwájú rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kan di òkè táyà mú, kí èkejì di ìsàlẹ̀, kí ẹ mì ín. Bó bá ń mì jẹ̀kẹ̀jẹ̀kẹ̀, bíárìn ti lọ. Ẹ pààrọ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú rọ́bà wọn.