Kì í ṣe gáàsì ló tán: ìtọ́jú éésì nínú ilé tí igi ṣíji bò

Ẹ̀yin onílé àti ayálégbé tí ẹ ń gbé lábẹ́ igi ní Ìkòyí, ní GRA Ìkẹjà, ní Sùúrùlérè àti Yábàá, ẹ̀yin la kọ ìwé yìí fún. Bí wọ́n ṣe ń tan éésì àti bí wọ́n ṣe ń yọ fílítà, ẹ ti mọ ìyẹn. Ohun kan ṣoṣo là ń bá yín jà lé lórí: kí éésì ṣá ti má tutù mọ́, kíá lẹ ó ti sọ pé gáàsì ló tán, ẹ ó sì ránṣẹ́ pe ẹni tí yóò wá rọ ọ́.

Wọ́n pè mí sí ilé Màmá kan ní Sùúrùlérè. Igi fúrúùtù ńlá ló ṣíji bo ẹ̀yìnkùlé wọn. Láàárín oṣù mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹta ni oníṣẹ́ ti rọ gáàsì sí éésì pálọ̀, kò tutù. Mo yí àpótí ìta, apá éésì tó máa ń wà níta ilé, kúrò lára ògiri. Ewé fúrúùtù tí òjò ti rin ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìpele-ìpele bí ewé ìdí ìkòkò mọ́ínmọ́ín. Mo fọwọ́ kan etí rẹ̀, odindi rẹ̀ ká wá sílẹ̀ bí ẹní. Abẹ́ rẹ̀ ni eruku wà, àti alángbá kan tó ti gbẹ. Afẹ́fẹ́ kò ríbi gbà, gáàsì tí wọ́n ń rọ lé gáàsì sì ti pọ̀ ju agbára ẹ̀rọ lọ. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì yí po, ti jóná. Màmá ní, "Ṣé ewé lásán ló jẹ gbogbo owó mi yìí?" Ewé náà ni.

Gáàsì éésì kò dà bíi gáàsì ìdáná, kì í jó tán. Inú pàípù tí wọ́n dé pa ló ń yí po. Bó bá dín, ó ń jò ni. Ẹni tó bá rọ ọ́ láì wá ojú ibi tó ń jò, apẹ̀rẹ̀ ló fi ń pọnmi, owó yín ló sì fi ń pọn ọ́n.

Ní gbogbo Sátidé, ẹ gbá ìdí àpótí ìta, kí ẹ sì fọwọ́ ṣa ewé tó há sí ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ewé fúrúùtù bá ń pupa tó ń já bọ́, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni. Fífọ fílítà: ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Bí ọyẹ́ bá ti dé, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Inú òjìji ni kí ẹ sá a sí.

Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni kí ẹ fọ àpótí ìta. Ẹ̀yin tí ẹ wà nítòsí òkun, oṣooṣù ni, nítorí iyọ̀ ń jẹ irin rẹ̀. Ẹ pa bírékà, ẹ dúró ìṣẹ́jú 5. Ẹ po ọṣẹ olómi ìfọbọ́, ṣíbí 2, mọ́ omi líta 5. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́ láti òkè wá sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tó ṣàn án nù. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò kò gbọdọ̀ débẹ̀! Omi rẹ̀ ń tẹ àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ pa pọ̀, afẹ́fẹ́ kò sì ní ríbi gbà mọ́.

Àyè ẹ̀yìn àpótí ìta sí ògiri: sẹ̀ǹtímítà 30. Iwájú: mítà 1. Kó fi sẹ̀ǹtímítà 15 ga kúrò nílẹ̀, ju bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí omi òjò ti ń kún. A mọ̀ pé olè ló mú yín kọ́ àgò irin yí i ká, ìyẹn kò burú. Páànù tí ẹ wá fi bo iwájú rẹ̀ ló burú, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbóná tó tú jáde ló tún ń fà mu.

Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán tó sì gbẹ, ẹ gbé e sí dígírì 18 (Sẹ́síọ́ọ̀sì) fún ìdánwò yìí nìkan, ẹ ti fèrèsé, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ fi tẹmómítà wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ inú rẹ̀ àti èyí tó ń fẹ́ jáde. Bí ìyàtọ̀ wọn bá wà láàárín dígírì 8 sí 11, gáàsì kò jẹ̀bi. Ẹ dá a padà sí 24.

Bí ìyàtọ̀ náà kò bá tó bẹ́ẹ̀, ìgbà yẹn ni kí ẹ pe oníṣẹ́. Kó kọ́kọ́ fi ìfóòfó ọṣẹ wá ibi tó ń jò ní ojú ìso pàípù, kó dí i, kó fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, lẹ́yìn náà kó wọn gáàsì lórí òṣùwọ̀n gẹ́gẹ́ bí iye tí wọ́n kọ sára àpótí ìta. Oríṣi gáàsì ni R22, R410A àti R32: èyí tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìkan ni kó lò. R32 lè gbiná, kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nítòsí. Ẹni tí kò bá mú òṣùwọ̀n wá, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ẹ má torí éésì gé igi yín. Òjìji rẹ̀ ń dín oòrùn orí ògiri kù, éésì kò sì ní ṣe làálàá tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka tó bá sún mọ́ àpótí ìta ju mítà 1.5 lọ ni kí ẹ rẹ́. Bí igi bá léwu débi tó yẹ kó lulẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ LASPARK, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó ń bójú tó igi àti ọgbà.