Tí àtọ̀gbẹ taipu 1 bá wà nínú ẹbí yín: bẹ́ ẹ ṣe máa mọ ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ máa ṣọ́

Gbàrà tí dókítà bá ti ní àtọ̀gbẹ taipu 1 ló ń ṣe ọmọ, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ará ilé ni pé "àwọn tó kù ńkọ́?" Èmi náà béèrè ẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi, kò sẹ́ni tó jókòó tì mí kó ṣàlàyé, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Ẹ kọ́kọ́ bi dókítà dáadáa bóyá taipu 1 ni, torí taipu 2 tó wọ́pọ̀ lára àwọn àgbà, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀. Ní ti taipu 1, àwọn sójà ara tó yẹ kó máa bá àrùn jà ló yí ìbọn padà sí ibi tí ara ti ń ṣe ìsúlíìnì (ohun tó ń mú ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀), wọ́n á máa pa á díẹ̀díẹ̀ fún oṣù tàbí ọdún kó tó hàn síta. Ikú ilé ni, kì í ṣe tòde. Kì í ṣe ohun dídùn tí ọmọ lá ló fà á, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ìyá ẹ̀, ẹ bá mi sọ ìyẹn kó yé gbogbo ẹbí.

Ẹ wá gbọ́ iye tó wà ńbẹ̀ kọ́kàn yín lè balẹ̀ díẹ̀. Láwọn ibi tí wọ́n ti kà á dáadáa bí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, bí ẹnì kan nínú 300 ló máa ń ní in. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹni ló ní in, ó di bí 1 nínú 20, ìyẹn ni pé nínú 20, bí 19 ò ní ní in. Tó bá jẹ́ bàbá ló ní in, ewu ọmọ máa ń ga ju ti ọmọ tó jẹ́ pé ìyá ẹ̀ ló ní in lọ. Kódà àwọn ìbejì tó jẹ́ ẹyin kan ló pín sí méjì, tí jíìnì wọn, ìyẹn ohun àjogúnbá tó ń ti ara òbí wá, bára mu délẹ̀, ọ̀kan lè ní in kí èkejì má ní in láéláé.

Kí wá ló dé tí ọmọ ìyá ọmọ bàbá kan náà ò fi ní ewu kan náà? Ẹ mú bébà kékeré mẹ́rin. Ẹ kọ B1 àti B2 sórí méjì, ti bàbá nìyẹn, ẹ kọ Y1 àti Y2 sórí méjì tó kù, ti ìyá. Ẹ dijú mú ọ̀kan nínú ti bàbá, ọ̀kan nínú ti ìyá, ohun tí ọmọ tó ń ṣàìsàn gbà nìyẹn. Ẹ dá wọn padà, kẹ́ ẹ tún mú fún àbúrò ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà ẹ máa rí i pé bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin ni méjèèjì á bá ti àkọ́kọ́ mu, ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹyọ kan á bá a mu, ẹ̀ẹ̀kan ni kò ní sí ìkankan. Bí jíìnì HLA, èyí tó ń jẹ́ kí àwọn sójà ara dá ara ẹni mọ̀ yàtọ̀ sí àjèjì, tó wà lórí kúrómósóòmù 6 (ọ̀kan lára okùn tí jíìnì tò sí) ṣe ń rìn nìyẹn, òun nìkan ló sì ń kó bí ìdajì ewu tó ń ti inú ẹ̀jẹ̀ ẹbí wá. Oríṣiríṣi ni HLA, orúkọ wọn ni DR3, DR4 àti DQ8 tẹ́ ẹ máa rí yìí. Ẹni tó bá gba DR3 lápá kan, tó gba DR4 pẹ̀lú DQ8 lápá kejì, ewu tiẹ̀ ló ga jù, pàápàá tí ọmọ tó ń ṣàìsàn náà bá gba méjèèjì.

Àmọ́ èyí tó ń dáàbò boni náà wà o. DQB1*06:02 ni wọ́n ń pè é, ẹyọ kan péré tẹ́ ẹ gbà lọ́dọ̀ bàbá tàbí ìyá ti tó láti dín ewu kù gan-an, kódà kí apá kejì jẹ́ DR4. Nínú 100 ọmọ tó ní taipu 1, ó ṣòro kẹ́ ẹ tó rí ẹyọ kan tó ní in lára. Kì í ṣe odi tí ò ṣeé wó o, torí àwọn díẹ̀ ṣì ń já gba ibẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ Áfíríkà náà, tí lábù bá kọ "DR3" nìkan fún yín, ẹ bi wọ́n pé èwo, torí 03:01 ló ń mú ewu wá, 03:02 tó wọ́pọ̀ lára èèyàn dúdú, ààbò ló ń ṣe.

Ní tèmi, tó bá jẹ́ tẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo lagbára yín ká, ẹ fi ti jíìnì sílẹ̀, ti áńtíbọ́dì ni kẹ́ ẹ ṣe, ìyẹn àmì inú ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn pé àwọn sójà ara ti ń bá ibi tí ara ti ń ṣe ìsúlíìnì jà. Jíìnì ń sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀, áńtíbọ́dì ń sọ ohun tó ti bẹ̀rẹ̀. Mẹ́rin ni wọ́n máa ń wò: ti ìsúlíìnì, GAD65, IA-2 àti ZnT8. Tí ẹyọ kan bá jáde, ẹ tún un ṣe, ọ̀pọ̀ ni kò ní kọjá ibẹ̀. Tó bá jẹ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lára ọmọdé, bí 7 nínú 10 ni àtọ̀gbẹ máa hàn lára wọn láàárín ọdún 10, kódà bí ṣúgà wọn bá ṣì dáa lónìí, kẹ́ ẹ yáa wá dókítà tó mọ̀ nípa ẹ̀ tí á máa ṣọ́ ṣúgà ọmọ náà. Tí ṣúgà bá ti ń yí díẹ̀ àmọ́ tí kò tíì di àìsàn, oògùn kan wà tó ń jẹ́ teplizumab, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní November 2022 fún ẹni tó bá ti pé ọdún 8, nígbà tí wọ́n dán an wò ó sún àìsàn náà síwájú ní bí ọdún méjì. Tí kò bá sí ìkankan, ẹ ṣì tún un ṣe lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan tó bá jẹ́ ọmọdé, torí ó lè yọjú tó bá yá.

Èyí tó kù ni ojú yín. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àbúrò mi fi ń tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ọmọ ọdún 9 tó ti jáwọ́ níbẹ̀ tipẹ́, à ń bá a wí, à ń gba ife omi lọ́wọ́ ẹ̀ tó bá ti di alẹ́, òun náà á yọ́ lọ sí bàlùwẹ̀ lọ fọwọ́ bu omi mu. Ṣòkòtò iléèwé ẹ̀ ti ń já bọ́ nídìí ẹ̀, a ní ó ń ga ni. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tó ń mí gúlegúle, tí èémí ẹ̀ ń rùn bí èso tó pọ́n jù, la tó gbé e lọ. Nítorí náà tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí yín bá ń mu omi ṣáá, tó ń tọ̀ ṣáá, tó ń rù, ẹ gún un níka lọ́jọ́ yẹn kẹ́ ẹ fi wo ṣúgà ẹ̀, tó bá tó 200 mg/dL tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọsíbítù lọ́jọ́ yẹn náà, kódà kó ṣì máa ṣeré. Tó bá ti ń bì tàbí tó ń mí gúlegúle, ẹ má dúró gún ìka kankan nílé, ẹ máa gbé e lọ, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé taipu 1 wà nínú ẹbí yín.